Rọ́bà Wọlé Bá Tanímọ̀la: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Ọdún mẹ́sàn-án ni Tanímọ̀la ti wà lọ́dọ̀ wa ní Ìkéré. Abo ajá ni, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ẹ̀pà yíyan, àyà rẹ̀ funfun. Òun ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi àti àwọn pákó tí mo tò sẹ́yìn ilé. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, "ajá ulé mi" ni wọ́n máa ń pè é. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Èèyàn lè ṣí géètì wọlé kó tó mọ̀. Tí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ọ̀tún a gan, á máa tiro títí oòrùn á fi yọ.

Mo wá rò ó pé kí n mú ọmọ ajá kan wá, kó lè kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà lára ìyá àgbà yìí. Ajá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkọ̀lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n wá mú akọ kan. Mo kọ gbogbo bó ṣe lọ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n iṣẹ́. Tí mo bá gé pákó kù, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, kí n má baà tún un gé kù lọ́jọ́ mìíràn. Bákan náà ni mo ṣe èyí. Ìwé yẹn ni mo tú síbí, ibi tí mo ti ṣìṣe wà nínú rẹ̀, mi ò yọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé

Mo kọ́kọ́ mú Tanímọ̀la lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ọdún yìí, ó gba èyí tó kù tó yẹ kó gbà, ó lo oògùn aràn. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ogbó ni mo kà á sí.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí n wá gbé ọmọ ajá náà nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹja. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn tí wọ́n jọ bí ni ọmọ ajá ti ń kọ́ pé bí òun bá bu ẹnì kejì òun jẹ jù, eré á parí. Èyí tí wọ́n bá tètè já gbà kì í mọ ìwọ̀n ẹnu rẹ̀, ajá àgbà ilé tó bá sì lọ ni yóò jẹ̀yà rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ wò ó ní Ìkọ̀lé, mo mú àkísà kan dání, mo fi nu ọmọ ajá náà lára, mo fi nu ìyá rẹ̀ náà. Mo gbé àkísà yẹn wálé, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní bí ìgbésẹ̀ méjì sí abọ́ Tanímọ̀la. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, ó yí i ká, ó wá padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin kò wò ó mọ́, mo sì mọ̀ pé òórùn náà ti di ti ilé.

Ìlẹ̀kùn

Iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà láti pálọ̀ sí kọ́rídọ̀ jẹ́ ínǹṣì 32. Mo ṣe ìlẹ̀kùn kékeré sí i, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, kí Màmá lè máa rí òdìkejì, kí àwọn ajá náà sì lè máa rí ara wọn. Ògiri kò wúlò fún ohun tí mò ń ṣe. Ajá tí kò rí èkejì rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

Òòró ni mo to àwọn igi rẹ̀, mi ò tò ó ní ìbú. Tí ẹ bá tò ó ní ìbú, àkàbà lẹ ṣe fún ọmọ ajá, á gùn ún bọ́ sódì kejì. Mo fi ínǹṣì méjì sí àárín igi kan àti èkejì, kí imú lè gbà á kọjá, kí orí má lè há síbẹ̀. Igi arère ni mo lò nítorí ó fúyẹ́. Mo fi pépà fá a títí kò fi sí ẹ̀gún kankan lára rẹ̀, mi ò sì kun fánísì sí i, torí ohun tí ọmọ ajá bá rí ló ń jẹ. Mo gbé e kọ́ ara férémù pẹ̀lú ínjìsì méjì, mo fi ìkọ́ kan há a. Mo fi ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ìgbálẹ̀ lè kọjá.

Ínǹṣì mẹ́ta yẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Ọjọ́ kìíní, Sátidé

Wọ́n ní ibi tí kì í ṣe ti ajá kankan ló yẹ kí ajá méjì ti kọ́kọ́ pàdé, kí àgbà má baà rò pé wọ́n wá gba ilé òun. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, a kì í gbé e sílẹ̀ níbi tí ajá ìgboro ń gbà kọjá. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní parvo, inú ìgbẹ́ ajá tó bá ní in ló máa ń wà, ó sì lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ ajá tó bá kó o, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ ni, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ajá mi ti gba ẹyọ kan péré, ó ṣì kù tí yóò máa gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Ohun tí a ṣe ni pé a yá ọgbà àbúrò ìyàwó mi. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọn kò sin ajá níbẹ̀ rí. Ìyàwó mi di okùn Tanímọ̀la mú, èmi gbé ọmọ ajá. A jọ ń rìn sí ọ̀nà kan náà, bí ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín wa. Nígbà tí a yípo ọgbà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di márùn-ún. Mo ń rán ìyàwó mi létí pé kí okùn má ṣe le. Okùn tó bá fún ajá lọ́rùn ń sọ fún un pé ewu wà níwájú.

Mo sọ ọmọ náà kalẹ̀. Tanímọ̀la wá láti ẹ̀yìn, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ìyàwó mi sì rọra pè é kúrò, ó fún un ní ẹja díẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sí wàhálà. Nígbà tí a délé, Tanímọ̀la ló kọ́kọ́ wọlé, ó dé ibi ẹní rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, kí n tó gbé àlejò wọlé.

Lóru, mo gbọ́ tí nǹkan ń fà lórí táìsì. Ọmọ ajá náà ti fi ikùn lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń yọ́ gba ínǹṣì mẹ́ta yẹn kọjá. Nígbà tí mo tan iná, ó ti dé orí ẹní Tanímọ̀la. Ìyá àgbà ti gbé ẹní sílẹ̀ fún un, ó lọ sùn sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ mi jí, wọ́n ní, "Dádì, rọ́bà ni!" Bí ó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, ó ku ínǹṣì kan péré.

Ọjọ́ kẹta

Ibi tí mo ti gé pákó kù nìyí.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá. Mo ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ torí mo rò pé wọ́n ti mọ ara wọn. Rọ́bà sáré lọ bá a, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ìrù rẹ̀. Tanímọ̀la gbójú kúrò. Ó ń lá ètè rẹ̀ láìsí oúnjẹ nítòsí, ó ń yán bí ẹni tí oorun ń kùn. Rọ́bà tún fà á. Ó dìde, ó sún mọ́ ògiri. Rọ́bà tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ló wá kùn, kíkùn jíjinlẹ̀ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé yìí. Mo bọ́ bàtà mi, mo gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ọmọdé ni! Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Màmá kò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó. Wọ́n ní, "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìwọ lo mú ìyàwó kékeré wọlé, ìyálé lo wá ń nà."

Mo ní, "Màmá, ajá mà ni, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọn kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, Tanímọ̀la kò kùn mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ó ti gbọ́." Ní ọjọ́ kẹfà, Rọ́bà lọ ń lá abọ́ tí Tanímọ̀la ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Tanímọ̀la kò kùn, kò fi eyín hàn. Ó kàn gbá etí rẹ̀ mọ́nu ni. Igbe tí Rọ́bà ké, ará ilé kejì gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin mi ti ọwọ́ bọ àárín wọn pé kí òun là wọ́n, eyín kan sì ha á níka.

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ ìka náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko lójú aago, lẹ́yìn náà a lọ sílé ìwòsàn. Káàdì abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la wà lọ́wọ́ mi, ó pé, síbẹ̀ a kò fi ṣeré. Tí dìgbòlugi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń mú. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ báyìí pé a kì í fọwọ́ la ajá. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a lè tì bọ àárín wọn.

Ọjọ́ keje, lọ́dọ̀ dókítà

Etí Rọ́bà kò ya, ó kàn bó ni. Dókítà náà wẹ̀ ẹ́, wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Nígbà tó kọ́kọ́ kùn, kí lẹ ṣe?"

Mo ní mo nà án.

Wọ́n ní, "Ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tó ní. Bí ẹ bá gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ajá, eyín nìkan ló kù fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wo ẹranko tó ti ṣọ́ ẹrù mi fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti gbójú kúrò, ó ti dìde, ó ti sún, ó ti wá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti bẹ̀bẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú dókítà.

Wọ́n tún tẹ ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún. Ó yí orí padà wéré, ó wo ọwọ́ wọn. Làkúrègbé ti wà ní oríkèé ibẹ̀. Ibi tí Rọ́bà ń gùn gan-an nìyẹn, ìrora sì ni gbogbo eré náà jẹ́ fún un. Mo béèrè bóyá kí n máa fún un lára oògùn ara ríro tí Màmá ń lò, wọ́n ní kí n má dán an wò. Oògùn ènìyàn bí ibuprofen lè dá egbò sí ajá níkùn, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fún un ní ti ajá.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta

A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, àyàfi tí àgbàlagbà kan bá jókòó tì wọ́n. Tanímọ̀la ló ń kọ́kọ́ jẹun, pálọ̀ ni abọ́ tirẹ̀, kọ́rídọ̀ ni ti Rọ́bà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni ọmọ náà ń jẹ, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja ṣáwá tí a yọ egungun rẹ̀ dànù, láìsí alùbọ́sà, torí alùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Tí wọ́n bá jẹ tán, mo kó àwọn abọ́ kúrò nílẹ̀. Egungun àti ohun ìṣeré kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá jọ wà.

Mo ra fọ́ọ̀mù tó nípọn sábẹ́ ẹní Tanímọ̀la nítorí ìbàdí rẹ̀. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀ tí Rọ́bà kò lè dé láé, kí ó ní ibi tí yóò máa sá sí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi àti òun nìkan la máa ń lọ yẹ ṣọ́ọ̀bù wò, bí a ti ṣe ń ṣe kí Rọ́bà tó dé. Tí oòrùn bá ń wọ̀, òkúta Olósùnta á dúdú lọ́ọ̀ọ́kán, òun á máa rìn pẹ̀lú mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á gbóòórùn àwọn ibi tó máa ń gbóòórùn. Mo ti dá ìrìn yìí dúró láti ọjọ́ tí Rọ́bà ti dé, torí pé ọmọ náà gba gbogbo àkókò mi. Nígbà tí mo mú okùn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìrù rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

Tó bá kùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé Rọ́bà kúrò, ó parí. Kíkùn náà kò tètè padà. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó gbọ́ ọ, inú mi sì dùn bí ẹni pé ó pe orúkọ mi.

Rọ́bà ti jẹ ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn. Arère kò lè dúró níwájú eyín ọmọ ajá, ó ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́ títí dé ìdí ìṣó. Mo yọ pákó ìsàlẹ̀ yẹn, mo fi àfàrà rọ́pò rẹ̀, mo rì orí ìṣó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kó má fi arère sísàlẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wá gba àga rẹ̀ rí Rọ́bà, ó bi mí bóyá mò ń bọ́ ọ dé ọdún Ògún ni. Ìrè, ìlú Ògún Onírè, kò jìnnà sí wa, mo sì mọ̀ pé ẹran Ògún ni ajá. Oníṣẹ́ irin àti igi ni mí, n kò fojú kéré Ògún. Mo kàn sọ fún un pé ọmọ ilé ni èyí. Ó rọrùn láti gbé bàtà sókè sí ohun tí gbogbo èèyàn ń wò bí ẹran, mo sì ti ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Rọ́bà pé ọ̀sẹ̀ 12, ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè, iyán ń dún nínú odó ní ilé kejì. Rọ́bà ti sùn sídìí ìlẹ̀kùn ní apá tirẹ̀, bí ọmọ ajá ṣe ń sun èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Mo rí Tanímọ̀la tó dìde lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó tiro wá, ó dúró, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìbàdí òsì kọ́kọ́. Ó ti imú bọ àárín igi méjì, ó gbóòórùn etí tó ti bù jẹ, ó sì lá a lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé àgbọ̀n lé àfàrà náà, ó sùn. Màmá fi ìka sẹ́nu sí mi pé kí n má mira.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Nínú àgbàlá, Tanímọ̀la fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lélẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀kan. Ìpè eré nìyẹn láàárín ajá. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo rí i tó ṣe é gbẹ̀yìn. Rọ́bà yí po bí òkòtó. Ó gùn ún lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, Tanímọ̀la kùn, Rọ́bà sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó. Mi ò dá sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo pe ìyá àgbà wọlé lọ sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ìlẹ̀kùn náà ṣì wà lára férémù. Ọ̀sán ni a ń ṣí i. A máa ń tì í nígbà oúnjẹ, lóru, àti tí gbogbo wa bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní yọ ọ́ kí Rọ́bà tó pé ọdún kan, torí akọ ajá tó ń bàlágà tún máa ń dán àgbà wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni yóò lè tẹ̀ lé wa dé ṣọ́ọ̀bù. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ ti Tanímọ̀la ṣì máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Tàárọ̀ ni mo máa mú àwọn méjèèjì jáde.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Rọ́bà ń jẹ àfàrà, kò rí i jẹ. Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ ní bí ìgbésẹ̀ kan sí i, ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń hanrun.